Ọtí Bellini: Bí A Ṣe Ń Pò Ó, àti Gbèsè Tó Wà Nídìí Rẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹbí wọn sọ níbi ayẹyẹ àjọ̀dún wa)

   

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí a bá ń ṣe àjọ̀dún, ẹnì kan a máa sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó kan ọjà tàbí tó kan ilé. A ti gbọ́ ọ̀rọ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru, a ti gbọ́ lórí bí a ṣe ń kọ ìwé ọjà. Lọ́dún yìí wọ́n ní Akọ̀wé ló kàn, wọ́n sì fún wa ní àkòrí lọ́wọ́: ọtí kan tí wọ́n ń pè ní Bellini. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. A ò sọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù di ẹgbẹ́ ọlọ́tí. Àwọn tó ń ta ohun mímu láàárín wa ló béèrè, pẹ̀lú àwọn ọmọ wa tó ń gba iṣẹ́ oúnjẹ àti ohun mímu níbi ìgbéyàwó. Wọ́n ní àwọn oníbàárà ń dárúkọ rẹ̀, kálukú sì ń pò ó bó ṣe wù ú.

Nígbà tí a wá wádìí rẹ̀, a rí i pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju eje lọ. Ọ̀rọ̀ owó yíyá ló wà nídìí ọtí yìí. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ owó yíyá ni a ti ń fà mọ́ ara wa lọ́wọ́ nínú ìpàdé wa láti bí oṣù mélòó kan. A ó sọ ìtàn rẹ̀, a ó sọ bí a ṣe ń pò ó, lẹ́yìn náà a ó sọ ohun tó kan ẹgbẹ́ wa nínú rẹ̀. Ṣókí lọbẹ̀ oge. Ẹ fún wa ní etí yín.

ÌTÀN RẸ̀

Ìlú Venice wà ní apá àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Ítálì. Orí omi ni wọ́n kọ́ ọ lé. Ẹni tó bá ti dé Ganvié ní orílẹ̀-èdè Benin rí á mọ bí ìlú orí omi ṣe ń rí. Ní ìlú yìí ni ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Giuseppe Cipriani. Wọ́n bí i ní ìlú Verona ní ọdún 1900. Iṣẹ́ agbọ́tí ló ń ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n ń pè ní Europa. Kì í ṣe olówó. Owó iṣẹ́ ló ń gbà, ó sì ń fi díẹ̀díẹ̀ pamọ́, bí àwa náà ṣe ń dá àjọ.

Oníbàárà rẹ̀ kan wà, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà láti ìlú Boston, Harry Pickering lorúkọ rẹ̀. Ọkùnrin yìí máa ń wá mutí níbẹ̀ dáadáa. Nígbà tó yá, kò ra ọtí mọ́. Cipriani bi í pé kí ló dé. Ó ní àwọn ẹbí òun nílé ti gbọ́ pé ọtí ni òun ń mu ṣáá, wọ́n sì ti dá owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí òun dúró. Kò rówó san ohun tó jẹ ní hòtẹ́ẹ̀lì, kò sì rówó wọkọ̀ padà sílé.

Cipriani yá a ní líírà 10,000. Líírà ni wọ́n ń ná ní Ítálì nígbà náà, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó yúrò. Owó ńlá ni fún ẹni tó ń gbọ́tí jẹun. Kò sí ìwé, kò sí onídùúró, kò sí ohun ìdógò. Ọkùnrin náà gba owó, ó dúpẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ẹ fi ara yín sí ipò agbọ́tí yìí. Òkun ńlá ló wà láàárín òun àti onígbèsè. Fóònù alágbèéká ò tíì sí tí yóò fi máa pè é. Oṣù kan lọ, oṣù mẹ́ta lọ, ọdún kan lọ. Bó bá jẹ́ àwa ni, ṣé a ò ní ti fi owó yẹn fún Ọlọ́run?

Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì, Pickering padà wọlé sí hòtẹ́ẹ̀lì náà. Ó ní kí wọ́n fún òun ní ọtí. Ó ka líírà 10,000 tó yá lé orí káńtà. Ó tún ka 40,000 mìíràn lé e, gbogbo rẹ̀ wá di 50,000. Ó ní ìyẹn jẹ́ ìmọrírì oore, kí Cipriani fi ṣí ilé ọtí tirẹ̀, kí wọ́n sì fi orúkọ òun pè é. Báyìí ni wọ́n ṣe ṣí Harry's Bar ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1931.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ gbọ́ ibi tó ṣí i sí. Òpópónà tóóró kan tó ń jẹ́ Calle Vallaresso ni. Ilé tí wọ́n ń kó okùn pamọ́ sí tẹ́lẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù náà, kò sì tóbi. Nígbà yẹn, òpópónà náà ò já síbì kankan. Bí o bá wọ ibẹ̀, o ó padà sẹ́yìn ni. Àwa ìbá ní ibẹ̀ ò dára fún ọjà. Ohun tí Cipriani sì fẹ́ gan-an nìyẹn: kí ẹni tó bá wọlé jẹ́ ẹni tó dìídì ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ òun, kì í ṣe ẹni tó ń kọjá lọ. Ó gbára lé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ àti orúkọ rere. Nígbà tó di ọdún 1932 ó bí ọmọkùnrin kan, ó sọ ọ́ ní Arrigo, bí àwọn ará Ítálì ṣe ń pe Harry nìyẹn. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ti Arrigo, ilé ọtí ni wọ́n wò. Arrigo yìí ló wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, tó sì gbé orúkọ náà dé New York ní ọdún 1985.

Ọtí Bellini wá ńkọ́? Inú ilé ọtí yìí ni Cipriani ti kọ́kọ́ pò ó. Ọdún 1948 ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ. Ní Ítálì, èso kan wà tí wọ́n ń pè ní píìṣì. Ó rí roboto, awọ rẹ̀ ní irun múlọ́múlọ́, kóró líle kan ló wà láàárín rẹ̀. Oríṣi kan ni inú rẹ̀ pọ́n bí àwọ̀ ẹyin, oríṣi kejì ni inú rẹ̀ funfun, òórùn rẹ̀ sì ń ta sánsán. Ìgbà ooru ni ti funfun máa ń pọ̀ lọ́jà, bíi láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹsàn-án. Cipriani fẹ́ràn òórùn rẹ̀, ó ń rò ó pé báwo ni òun ṣe lè fi í sínú ọtí. Ó tẹ èso náà, ó sẹ́ ẹ, ó da wáìnì tí ń hó sí i. Ó dùn, àwọn oníbàárà sì gbà á.

Àwọ̀ ọtí náà pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, bí ìgbà tí a bá po osùn díẹ̀ mọ́ omi. Àwọ̀ yìí ló mú kó rántí aṣọ ẹni mímọ́ kan nínú àwòrán Giovanni Bellini. Ayàwòrán ìlú Venice ni Bellini, ó kú ní ọdún 1516, àwòrán ńlá kan tó yà ní ọdún 1505 ṣì wà nínú ìjọ San Zaccaria ní ìlú náà títí dòní. Orúkọ ọmọ ìlú rẹ̀ tó ti kú láti ọ̀rúndún mẹ́rin ni Cipriani fi sọ ọtí rẹ̀. Ní ọdún 1950 ó tún ṣe oúnjẹ kan, ẹran màlúù tútù tí a gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó fi orúkọ ayàwòrán Venice mìíràn sọ ọ́, Carpaccio. Ní ọdún 2001, ìjọba Ítálì kọ Harry's Bar sínú ìwé àwọn ibi ìtàn tí orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Líírà 10,000 ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ o.

WÁÌNÌ TÍ Ń HÓ

Kí a tó pò ó, ẹ jẹ́ ká mọ wáìnì tí wọ́n ń lò, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í rà. Prosecco ni, kì í ṣe ṣanpéènì. Apá àríwá ìlà-oòrùn Ítálì yẹn náà ni wọ́n ti ń ṣe é, èso àjàrà kan tó ń jẹ́ Glera ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹni tó mọ ẹmu á mọ bí ó ṣe ń hó. Bí ẹmu bá ti orí igi bọ́, ìwúkàrà tó wà nínú rẹ̀ á máa jẹ adùn inú rẹ̀, yóò sọ ọ́ di ọtí, afẹ́fẹ́ á sì máa jáde. Ìdí nìyẹn tó fi ń hó. Bí o bá dé ẹmu pa mọ́ inú kẹ́ẹ̀gì pinpin, o mọ ohun tí ojú kẹ́ẹ̀gì á rí. Bí ti wáìnì yìí ṣe rí nìyẹn. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣe wáìnì lásán, wọ́n á wá tún fi ṣúgà àti ìwúkàrà sí i lẹ́ẹ̀kejì níbi tí afẹ́fẹ́ ò ti lè jáde. Ti Prosecco, inú táǹkì ńlá tó dé pa ni wọ́n ti sábà ń ṣe ẹ̀ẹ̀kejì yìí. Ọmọ Ítálì kan, Federico Martinotti, ló gba ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà yìí ní ọdún 1895, ọmọ Faransé kan, Eugène Charmat, sì tún un ṣe ní ọdún 1907. Ti ṣanpéènì ilẹ̀ Faransé, inú ìgò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń ṣe é, iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, ó sì ń pẹ́. Ìyẹn wà lára ohun tó mú kó wọ́n jù.

Ní ọdún 2009 òfin fìdí orúkọ Prosecco múlẹ̀ ní Ítálì: wáìnì agbègbè yẹn nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Èso àjàrà tí wọ́n ń pè ní prosecco tẹ́lẹ̀, wọ́n dá orúkọ rẹ̀ padà sí Glera. Ní ọdún 2019, àjọ UNESCO fi àwọn òkè Conegliano àti Valdobbiadene, níbi tí wọ́n ti ń gbin àjàrà yìí, kún àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé. Ẹ rí i pé orúkọ ọjà, ohun ìní ni.

BÍ A ṢE Ń PÒ Ó

Ọ̀nà méjì ni ó wà. Ẹgbẹ́ àwọn agbọ́tí àgbáyé tí wọ́n ń pè ní IBA kọ ọ́ sílẹ̀ pé omi èso píìṣì mílílítà 50, Prosecco mílílítà 100. Ìyẹn ni ìdá kan èso sí ìdá méjì wáìnì. Ti Harry's Bar, ìdá kan èso sí ìdá mẹ́ta wáìnì ni. Ẹ mú èyí tó bá yín lára mu, àmọ́ ẹ má máa yí i padà láti ife dé ife.

Ekíní: ẹ fi ìgò wáìnì sínú fíríìjì kó tutù dáadáa, ẹ fi àwọn ife náà sí i. Wáìnì tí kò tutù á hó kọjá ẹnu ife, owó yín á ṣòfò sílẹ̀.

Ekejì: ẹ mú píìṣì funfun tó pọ́n. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ yọ kóró rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tì í kọjá nínú asẹ́ olójú wẹ́wẹ́. Èso tó ki tó sì ń dán ni yóò kù. Àwọn Cipriani kì í fẹ́ kí a lọ̀ ọ́ nínú bùléńdà, wọ́n ní ẹ̀rọ á fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀.

Ẹkẹta: ẹ kán omi lẹ́mọ́ọ̀nù díẹ̀ sí i kí ó má baà dúdú, torí píìṣì tí a gé máa ń pàwọ̀ dà bíi ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a bó sílẹ̀. Bó bá kan díẹ̀, ẹ fi ṣúgà tí a yọ́ sínú omi bá a. Ẹ gbé e sínú fíríìjì, kí òun náà tutù.

Ẹkẹrin: bí ẹ bá fẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ hàn, omi èso raspberry kán-ún-kán-ún kan tàbí méjì ti tó. Kó má pọ́n bíi sóbò o.

Ẹkarùn-ún: èso ni a ń kọ́kọ́ bù sínú ife, kí a tó da wáìnì lé e. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ nìgbín fi ń gungi: ẹ tẹ ife síbì kan, kí ẹ da wáìnì díẹ̀, kí ìfófó rẹ̀ rọlẹ̀, kí ẹ tó tún da èyí tó kù. Ẹ fi ṣíbí ọlọ́wọ́ gígùn rò ó pẹ̀lẹ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ má gbọ̀n ọ́n nínú ohun tó dé pa rárá. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè bẹ́ ẹ mọ́ yín lójú. Kíá ni kí ẹ gbé e fún àlejò. Èyí tí a pò sílẹ̀ láti wákàtí kan, omi èso lásán ló kù níbẹ̀.

Ife wo ni? Ọ̀pọ̀ ń lo ife tẹ́ẹ́rẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ gíga. Ní Harry's Bar, ife kékeré gbọọrọ tí kò lẹ́sẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé e. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má lọ jẹ gbèsè nítorí ife.

Ọ̀rọ̀ ìdérí ìgò ńkọ́? Ẹ̀yin ọmọ wa tó máa ń mi ìgò jìgìjìgì níbi òde kí ìdérí lè fò, ẹ gbọ́ o. Ìdérí yẹn lè fò ní ìwọ̀n kìlómítà 80 láàárín wákàtí kan. Ó ti fọ́ ojú èèyàn rí. Bí ẹ bá fẹ́ ṣí i, kí ìgò tutù, kí ẹ dojú rẹ̀ kọ ibi tí èèyàn ò sí, kí ẹ fi aṣọ ìnuwọ́ bo orí rẹ̀. Ẹ tú wáyà rẹ̀, ẹ di ìdérí mú ṣinṣin, kí ẹ wá máa yí ìgò lábẹ́, kì í ṣe ìdérí lókè. Kó dún “ṣìì” jẹ́ẹ́jẹ́ ló dára, kì í ṣe kó dún bí ìbọn.

ÌṢIRÒ ÀTI ÒÓTỌ́ ỌJÀ

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba iṣẹ́ òde, ẹ mú bírò. Ìgò Prosecco kan jẹ́ mílílítà 750. Bí a bá lo 100 sí ife kan, ife 7 ló máa kún, omi èso mílílítà 350 ni a ó sì fi pò ó. Fún àlejò 70 tí ẹnì kọ̀ọ̀kan á mu ife kan, ìgò 10 àti omi èso lítà 3 àbọ̀ ti tó. Bí a bá pò ó bíi ti Harry's Bar, tí a sì fẹ́ kí ife rẹ̀ kún bákan náà, ìgò 11 ni, omi èso á dín kù. Ẹ ṣírò owó ìgò, owó èso, owó yìnyín, owó ife tó bá fọ́, àti owó iṣẹ́ tiyín, kí ẹ tó dá iye fún oníbàárà. Ẹni tí kò ṣírò owó iṣẹ́ ara rẹ̀ ń fi ọjà rẹ̀ ṣe sàráà ni.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a fẹ́ tẹnu mọ́. Bí ẹ bá fi píìṣì inú agolo ṣe é, ẹ sọ fún oníbàárà pé ti inú agolo ni. Bí ẹ bá fi mángòrò ṣe é, ó lè dùn ju ti Venice lọ, ṣùgbọ́n ẹ fún un ní orúkọ tirẹ̀. Àwọn ará Ítálì fúnra wọn, bí wọ́n bá fi sitirọ́bẹ́rì rọ́pò píìṣì, Rossini ni wọ́n ń pè é. Bó bá jẹ́ omi ọsàn ni wọ́n pò mọ́ ṣanpéènì, Mimosa ni. Kálukú ló lórúkọ. Ẹ má da wáìnì olówó pọ́ọ́kú sínú ìgò olówó ńlá, ẹ máa wo nọ́ńbà NAFDAC lára ohun tí ẹ bá rà. Ọjà wa lorúkọ wa.

Fún àwọn tí ẹ̀sìn wọn ò gba ọtí, tàbí àwọn tí ò kàn fẹ́, àti àwọn ọmọdé, ẹ fi omi tí ń hó tàbí omi èso àjàrà tí kò ní ọtí rọ́pò wáìnì. Ife rẹ̀ kó dára bíi ti àwọn yòókù, àmọ́ kí ó wà lórí tábìlì tirẹ̀, kó má baà ṣi ara wọn mú. Alhaja kan ò gbọdọ̀ máa bẹ̀rù ohun tó wà nínú ife tí a gbé fún un ní òde wa.

Fún àwọn tó ń mu ún, ẹ ṣọ́ra. Ọtí inú Prosecco tó bíi 11 nínú 100. Bí a bá pò ó tán, ó ṣì lé ní 7, ó sì le ju ọ̀pọ̀ bíà lọ. Adùn èso ló ń bò ó mọ́lẹ̀. Aboyún ò gbọdọ̀ mu ún. Ẹni tó máa wakọ̀ ò gbọdọ̀ mu ún. Ẹni tó ń lo oògùn, kó béèrè lọ́wọ́ dókítà. Ẹ má gbàgbé pé ọtí ló sọ Pickering di ẹni tó ń yáwó lọ́wọ́ agbọ́tí.

OHUN TÓ KAN ẸGBẸ́ WA

Ẹ̀yin èèyàn wa, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an la dé yìí. Àpótí owó yíyá ẹgbẹ́ wa ń ṣàìsàn. A ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, àjọ̀dún la wá ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn kan yáwó, wọ́n san ẹ̀ẹ̀mejì, wọ́n yí nọ́ńbà fóònù wọn padà. Àwọn kan ń gba ẹ̀yìn ìsọ̀ ẹran lọ sílé kí wọ́n má baà kọjá níwájú Akápò. Ohun tó dùn wá jù ni ti àwọn onídùúró. Obìnrin kan á fi ọwọ́ sí ìwé fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ á sá lọ, àjẹṣẹ́kù tó fẹ́ fi san owó ilé ìwé ọmọ ni a ó yọ gbèsè nínú rẹ̀. Òfin ẹgbẹ́ ló ní ká yọ ọ́, àwa náà la sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa kì í yá sí i.

Nítorí èyí, àwọn kan nínú wa ti dá a lábàá pé kí a ti àpótí owó yíyá pa títí gbogbo gbèsè á fi wọlé. Àwọn mìíràn ní rárá, kí a máa yáni lọ, èèyàn ṣáà lèèyàn ń jẹ́. Ìpàdé gbogboogbò ló máa pinnu. Àmọ́ bí ẹ bá ní ká sọ tinú wa, ìtàn líírà 10,000 ti dá wa lẹ́kọ̀ọ́ méjì tó dà bíi pé wọ́n ń bá ara wọn jà, wọn ò sì bá ara wọn jà.

Ẹ̀kọ́ kìíní: a ò gbọdọ̀ yáni lówó bíi ti Cipriani. Ọkàn rere ló ní, Ọlọ́run sì bá a ṣe é. Ṣùgbọ́n owó ara rẹ̀ ló yọ. Ká ní Pickering ò padà wá, òun nìkan ni ìbá sunkún. Owó inú àpótí ẹgbẹ́ kì í ṣe owó Alága, kì í ṣe owó Akọ̀wé. Owó ìyá ẹléwé ni, owó alátà ni, owó opó tó ń dá díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni. Nítorí náà, ìwé gbọ́dọ̀ wà, onídùúró méjì gbọ́dọ̀ wà, iye àjẹṣẹ́kù ẹni gbọ́dọ̀ gbé iye tó fẹ́ yá. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Akọ̀wé le. Ìwé kì í ba ọ̀rẹ́ jẹ́. Àìsí ìwé ló ń bà á jẹ́.

Ẹ̀kọ́ kejì: a gbọ́dọ̀ san gbèsè bíi ti Pickering. Kò sẹ́ni tó lè fi ọlọ́pàá mú un ní Boston. Kò sí ìwé tí wọ́n lè gbé síwájú adájọ́. Ó padà wá torí pé ó mọ̀ pé ẹnì kan gba òun gbọ́. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Àwọn baba wa tún ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Ẹgbèje tirẹ̀ nìkan kọ́ o! Ó bẹ́gi dínà ti ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ oúnjẹ tán, tó fẹ́ yáwó ra ìgò àti ife fún iṣẹ́ òde àkọ́kọ́ rẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà láàárín wa níbí. Ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn wà nínú fáìlì wa, a ò sì rówó fún wọn.

Nítorí náà, àbá tí àwa máa gbé wá síwájú ìpàdé ni pé kí a má ti àpótí pa. Bí a bá tì í pa, àwọn tó ń san dáadáa la fìyà jẹ, àwọn tó sá lọ ti sá lọ ná. Kàkà bẹ́ẹ̀, kí a fún gbogbo ẹni tó bá jẹ ẹgbẹ́ ní oṣù mẹ́ta láti wá fojú hàn. Ẹni tó bá wá, tó sọ pé ọjà dà rú mọ́ òun lọ́wọ́, kí a jókòó tì í, kí a pín gbèsè náà sí kéékèèké tó lè san. Ẹ má bẹ̀rù àtijẹ́wọ́. Gbèsè kì í pani, sísá fún un ló ń tini lójú. Kí a sì máa sọ fún onídùúró lóṣooṣù iye tó kù, kó má jẹ́ ọjọ́ tí omi ti dé ọrùn ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Ẹni tí kò bá wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí òfin ẹgbẹ́ bá a dé ibi tó bá yẹ.

A mọ̀ pé àbá yìí ò ní tẹ́ gbogbo wa lọ́rùn. Ọ̀nà kan ò wọjà. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù ú lọ, kó gbé e wá sí ìpàdé, kó má sọ ọ́ ní ìdí ìsọ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ yìí, ẹ mọ ohun tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe owó ńlá. Ẹnì kan gba ẹnì kejì gbọ́, ẹni tí wọ́n gbà gbọ́ sì dá owó padà, wọ́n tún fún ẹlòmíràn. Ohun tí a bá lọ́wọ́ yín nìyẹn, ohun tó sì yẹ ká fi lé ọwọ́ àwọn ọmọ wa nìyẹn.

Àwọn ọmọ wa tó pò Bellini ti òní ti ṣetán báyìí. Ti àwọn tí kò mu ọtí wà lórí tábìlì apá ọ̀tún, a ti lẹ ìwé mọ́ ọn. Omi tútù náà wà. Ẹ jẹ, ẹ mu níwọ̀ntúnwọ̀nsì, kí ẹ sì délé láyọ̀. Ọjà wa á tà o. Àwìn wa á wọlé. Ẹgbẹ́ wa ò ní tú. A ò ní yáwó ẹkún, a ò sì ní fi gbèsè sílẹ̀ fún ọmọ. Àṣẹ.

 

Akọ̀wé Ẹgbẹ́